Koríko Àwọn Ẹmọ́ Ilé Tọ́lá

Lánàá ni wọ́n gé koríko àyíká ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa, òórùn rẹ̀ sì dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ lò kẹ́yìn, ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlódè ló jókòó sí, ó ń ṣa koríko lórí ẹní. Ó ní kí n sún, pé mo ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ òun lójú. Mo sún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú un lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ẹmọ́ ilé. Ẹranko kékeré aláìnírù ni, tó máa ń dún bí ẹni ń súfèé bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé oúnjẹ bọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990 yẹn, márùn-ún ni Tọ́lá, ọmọ wa ọlọ́dún méje, ní. Ìyá rẹ̀ ló mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Kò ra koríko rí. Koríko eéran ló máa ń gé, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, níbi tí wọn kò fọ́n oògùn apakoríko sí. Á ṣa ewé imí eṣú, tí kò dára fún wọn, kúrò, á sì sá ìyókù sábẹ́ ìbòòji. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. N kò wò ó.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ra ìdì koríko gbígbẹ kan ní Òkè-Ogbó, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ àgbò, nítorí pé ó pọ̀, kò sì wọ́n. Wọ́n ti wọ́n omi sí i kí ewé rẹ̀ má baà rún. Àwọn tó ń sin àgbò mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a tú u sá kí wọ́n tó lò ó. Èmi kò tú u. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́ta nínú àwọn ẹmọ́ náà kú.

Tọ́lá kò sunkún. Ó kàn ń bi mí léraléra pé, "Bàbá mi, ṣé Màámi ló ń pè wọ́n ni?"

Ó dà bí ẹni pé gbogbo ohun tí obìnrin náà fọwọ́ tọ́ fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, títí kan ọmọ.

Àlàájì, aládùúgbò wa tó ń sin àgbò, ló wá ti ọwọ́ bọ inú ìdì náà. Ó fa ẹ̀kúnwọ́ kan yọ, ó nà án sí mi nímú.

"Tíṣà, kí lẹ gbọ́?"

"Ó ń rùn bí búrẹ́dì tó bu."

"Ìwé lẹ mọ̀, ẹ ò mọ koríko." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ẹ jẹ́ n bá yín wá ẹni tí á máa gé eéran fún yín."

"Ẹ má ṣèyọnu, Àlàájì."

Lónìí, inú ọ̀rá ni wọ́n ń di koríko sí tà, ilé sì ti gba ibi tí eéran ń hù. Síbẹ̀, kò sí ohun tó dà bí imú ẹni. Ẹ tú ìdì kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí Àlàájì wá, mo dúró títí ìrì fi gbẹ, mo sì mú àdá lọ sí ọ̀nà odò, èmi nìkan. Mo ṣa imí eṣú ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí eéran rọ, mo gbé e síwájú àwọn méjì tó kù. Wọn kò kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Tọ́lá di aṣọ mi mú. Nígbà tó yá, a gbọ́ tí wọ́n ń rún un.