Síìlì Reuben Dáhùnsí

Kò sí ẹni tó ń sin ẹyẹlé ní Ajégúnlẹ̀ tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí ẹyẹlé Reuben Dáhùnsí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, tó sì tún wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀. Ọjọ́ ìdíje ni. Àwọn ẹlẹ́yẹlé a máa kó ẹyẹ wọn sínú àgò, wọn a gbé e gba orí omi lọ sí Snake Island, ibẹ̀ ni wọn a ti tú wọn sílẹ̀. Àwọn tó ni ẹyẹ a jókòó sílé ní Ajégúnlẹ̀, wọn a máa wojú ọ̀run. Ẹyẹ ta ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀ sórí òrùlé ẹni tó ni ín? Gbogbo eré náà kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọkùnrin ti torí rẹ̀ bá ara wọn yan odì fún ọdún méjì.

Dáhùnsí kò fọkàn tán ẹni tí yóò gbé àgò, kò sì fọkàn tán atukọ̀. Ó ní wọ́n lè pààrọ̀ ẹyẹ òun lójú omi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé tó ń ka ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ara iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti yẹ síìlì ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ntéènà wò, irin kékeré olórí ńlá yẹn tó ní nọ́ńbà lára, tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí àfi kó fi kọ́tà gé e. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, nǹkan tó rà wálé fún ara rẹ̀ ni síìlì ẹ̀kún àpò kan. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ó ti ọ̀kan bọ ẹnu àgò irin tí ẹyẹlé rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹyẹ tó sọ ní Ẹlẹ́rìí, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Wọ́n dé Snake Island. Gbogbo àgò ṣí, gbogbo ẹyẹ fò. Ó kan àgò Dáhùnsí, kò ṣí. Kọ́tà tí wọn ìbá fi gé síìlì wà nílé, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, nítorí kò fọkàn tán ẹni tí yóò mú kọ́tà dání. Kò sì sẹ́ni tó láyà láti fọ́ àgò ọkùnrin náà. Àwọn ẹyẹ yòókù ti jẹ àgbàdo yó nílé kí ọkọ̀ tó gbé Ẹlẹ́rìí padà dé etí omi. Dáhùnsí yí àgò náà po, ó fi nọ́ńbà ara síìlì wé èyí tó wà nínú ìwé, ó mi orí.

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án," ó wí, inú rẹ̀ sì dùn bíi pé òun ló gba ipò kìn-ín-ní.

Ṣìkẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù ní Àpápá, ni ojú tì jù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò yà á lẹ́nu. Ọmọ tó bá dàgbà sílé Dáhùnsí ti rí síìlì níbi tí èèyàn ò ti lérò.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà tí Phoebe ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé, Dáhùnsí ṣàkíyèsí pé ẹran inú ọbẹ̀ ń dín kù. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó lu ihò sí etí ìkòkò àti ìdérí rẹ̀, ó ka ẹran, ó kọ iye rẹ̀ àti aago tó kà á sínú ìwé, ó ti síìlì bọ̀ ọ́, wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Nígbà tí wọ́n dé, síìlì kò já, nọ́ńbà pé, ẹran méjì ni kò sí. Ó pe Phoebe, ó pe Ṣìkẹ́mi, ó pe ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó gbé Bíbélì kalẹ̀ pé kí wọ́n wá búra. Ìgbà tí ẹjọ́ náà pọ̀ jù ni Phoebe gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á sókè: aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹran mẹ́sàn-án, aago méje géérégé, síìlì. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló ń ṣe nídìí ìkòkò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dáhùnsí gba ìwé rẹ̀ padà. Ó ní òun ń yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ẹ má rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní wọ́ọ̀fù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà mú fọ́tò rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àṣẹ géètì, ó sì fi kó ẹrù ẹlẹ́rù jáde. Dáhùnsí ni wọ́n wá mú. Ọjọ́ márùn-ún ló lò látìmọ́lé kí òótọ́ tó fara hàn. Ọjọ́ tó délé, ó sun gbogbo fọ́tò tó ní ojú rẹ̀. Phoebe kò jẹ́ kó sun ti ìgbéyàwó wọn, ló bá mú sísọ́ọ̀sì, ó gé orí ara rẹ̀ kúrò. Títí di òní, Phoebe ṣì ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù tí kò lórí. Káàdì tí ìjọba fi dandan ya ojú rẹ̀ sí, ó fi bírò dúdú kùn ún.

Ṣìkẹ́mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí òun ya fọ́tò rẹ̀ kan péré. Èsì kan náà ló máa ń rí gbà.

"Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fẹ́ fi ojú mi ṣe?"

Ohun tó fẹ́ fi ṣe ni kò lè sọ. Dókítà ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ó ti ń rẹ ọkàn bàbá rẹ̀, kí wọ́n máa rọra. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù kan ti ń ba Ṣìkẹ́mi. Ohùn ìyá rẹ̀ ti ń lọ kúrò létí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fọ́tò nìkan ló fi ń rántí rẹ̀. Bí bàbá yìí bá wá lọ láìfi ojú sílẹ̀ ńkọ́? Ó máa ń wò ó nídìí oúnjẹ bí ẹni tó ń kọ́ nǹkan sórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Tèmilọlá fi wọ ọ́fíìsì wọn wá gba ẹrù kámẹ́rà tó dé láti òkè òkun. Tèmilọlá ló ń ṣe fíìmù kan lórí tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn èèyàn tí ìgbé ayé wọn yàtọ̀ àti àwọn ẹ̀dá tí wọ́n fẹ́ràn. Ó ti ya ọkùnrin kan tó ń bá oyin gbélé, ó ti ya àwọn obìnrin tó ń dẹ akàn nínú ẹrẹ̀. Ṣìkẹ́mi sọ ti àwọn ẹlẹ́yẹlé Ajégúnlẹ̀ fún un, ó sì júwe ilé ẹnì kan ní pàtó. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé bí wọ́n bá débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ òun.

Wọ́n dé ní ọjọ́ Sátidé, Tèmilọlá àti Ebimobowei tó ń gbé kámẹ́rà, ọmọ Ajégúnlẹ̀ gan-an. Dáhùnsí pàdé wọn lẹ́nu géètì. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo kámẹ́rà sínú báàgì wọn, ó ti síìlì bọ ẹnu sípì rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó kí wọn káàbọ̀, tó sì ní kí wọ́n wá jẹ ẹ̀wà.

"Ta ló rán yín sí mi?" ó bi wọ́n, bí wọ́n ti ń jẹun lọ.

Tèmilọlá ní àwọn ẹlẹ́yẹlé ló júwe ilé bàbá. Ṣìkẹ́mi kò gbójú sókè, ó ń wo ẹyẹlé bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Dáhùnsí wo àlejò, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo àlejò. Lẹ́yìn èyí ló yẹ síìlì báàgì wò, ó gé e, ó sì la àdéhùn kalẹ̀: wọ́n lè ya ẹyẹ, wọ́n lè ya ilé ẹyẹ, wọ́n lè ya ọwọ́ òun àti ẹ̀yìn òun. Ojú kò sí níbẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ìdíje wà lọ́jọ́ náà, Sùlè sì ni wọ́n jọ ń du ipò. Awakọ̀ tírélà ni Sùlè, Malu Road ló máa ń gbé ọkọ̀ sí, òpópónà kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé. Ó ti tó ọdún méjìlá tí Dáhùnsí ti ń fura pé Sùlè ń súfèé láti fa ojú ẹyẹ òun mọ́ra. Tèmilọlá tẹ̀lé àwọn àgò lọ sí Snake Island, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú kọ́tà dání. Obìnrin tí Dáhùnsí mọ̀ fún wákàtí méjì péré ló fọkàn tán ju gbogbo ẹlẹ́yẹlé lọ. Ebimobowei dúró sílé pẹ̀lú kámẹ́rà kejì.

Nígbà tó di ọ̀sán, Dáhùnsí rán Ṣìkẹ́mi ní mínírà fún àlejò. Ó ní kó má rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu géètì, òun kò gba ìdérí tiwọn gbọ́. Ọjà Boundary ni kó lọ, kó sì yẹ ìgò kọ̀ọ̀kan wò dáadáa. Inú bí Ṣìkẹ́mi, ó rìn lọ rìn bọ̀ nínú oòrùn. Nígbà tó dé, bàbá rẹ̀ ṣì kọjú sí ògiri, Ebimobowei sì ń nu kámẹ́rà rẹ̀.

Ẹyẹ Sùlè ti balẹ̀. Ẹlẹ́rìí kò sí níbì kankan. Aago mẹ́ta kọjá, aago mẹ́rin kọjá. Dáhùnsí dìde, ó gba ilé Sùlè lọ, ó ní kó ṣí ilé ẹyẹ rẹ̀. Sùlè ṣí i láìjanpata, ẹyẹ Dáhùnsí kò sí níbẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni Ẹlẹ́rìí tó dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ti ya ibì kan lọ jẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin yìí sef," ni Sùlè wí. "Ṣé ẹ ti rí i báyìí pé èmi kọ́?"

"Mo rí i pé kò sí lọ́dọ̀ rẹ lónìí," ni Dáhùnsí fèsì.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé fíìmù náà jáde, yàrá Dáhùnsí kún fọ́fọ́. Ẹyẹlé pọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn Dáhùnsí sì gbòòrò látòkè délẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wò ó tẹ́rùntẹ́rùn. Ó ní ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn jọ ẹ̀yìn olóòótọ́. Ṣìkẹ́mi wọ kíṣìnì lọ, ó sunkún.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn èyí, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Dáhùnsí jókòó fún ẹyẹlé ní àgbàdo, kò sì dìde mọ́. Sùlè ló gbé e sínú ọkọ̀, Sùlè náà ló sì ń bọ́ àwọn ẹyẹ láti ọjọ́ yẹn. Ó ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó di ọjọ́ ìpọ́njú kó yẹrí, òun kò sì ní í jẹ́ kí ẹyẹ ṣe ju òun lọ. Ṣìkẹ́mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Àmọ́ bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á rọra jáde lọ ka ẹyẹ.

Ẹni tí yóò tẹ pósítà ìsìnkú ní kí wọ́n mú fọ́tò wá. Ṣìkẹ́mi tú ilé títí, kò rí nǹkan kan àfi kóòtù tí kò lórí àti káàdì tó ní ojú dúdú. Nígbẹ̀yìn, inú fíìmù ni wọ́n ti yọ ọ́: ẹ̀yìn Dáhùnsí, Ẹlẹ́rìí lórí èjìká rẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káàkiri àdúgbò. Àwọn èèyàn á dúró wò ó, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á nu ojú wọn.

"Bàbá ò fọkàn tán ikú pàápàá," ni Sùlè wí níwájú ọ̀kan nínú àwọn pósítà náà, omi sì wà lójú rẹ̀. "Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí i."

Ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú ni Ebimobowei wá. Àpótí irin kékeré kan ló gbé dání, síìlì sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣìkẹ́mi kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi í pé kí ló wà níbẹ̀, ta ló fún un, kí ló dé tó jẹ́ òní ló ń gbé e wá. Ojú tó fi ń wo ọkùnrin náà, bí bàbá rẹ̀ bá wà láyé, inú rẹ̀ ìbá dùn sí i.

"Aunty, abeg, ẹ má bínú sí mi. Bàbá ló fún mi. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ gbé e fún yín àfi tí àwọn ò bá sí mọ́. Mi ò ṣí i."

Ṣìkẹ́mi ní kó dúró síbẹ̀. Ó wọlé lọ mú ìwé bàbá rẹ̀, ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó ka nọ́ńbà ara síìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ́ èyí tó wà nínú ìwé. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà ni Dáhùnsí kọ ọ́ sí: "Ọwọ́ Ebimobowei ló wà. Ṣìkẹ́mi ni kó gé e." Kọ́tà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣìkẹ́mi mú un jáde, ó fi gé síìlì náà.

Fọ́tò kan ló wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà gbọnrangandan, ó sì fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ebimobowei ní bí Ṣìkẹ́mi ti jáde lọ ra mínírà lọ́jọ́ náà ni bàbá yí àpótí padà, tó ní kí òun yára, pé ọjà Boundary kò jìnnà púpọ̀. Ṣìkẹ́mi yí fọ́tò náà sódì. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Ṣìkẹ́mi, ìwọ lo pè wọ́n. Ojú rẹ ló sọ fún mi nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ̀wà. Ojú tèmi náà rèé."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á, ẹkún sì tẹ̀lé e. Ebimobowei bi í bóyá kí àwọn sáré lọ tún pósítà tẹ̀. Ó ní rárá, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ilé ni ojú wà fún. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó fi gíláàsì sí fọ́tò náà, ó sì gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán ilẹ̀kùn gan-an, kí bàbá rẹ̀ lè máa rí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé.