Sùtánà Tó Mọ́ Jù

Aṣọ tó bá mọ́ jù kì í dùn mọ́ mi nínú mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ á ní orí mi ti yí, torí ìjọ aláṣọ funfun ni mo wà, èmi fúnra mi ni mo sì máa ń pariwo mọ́ àwọn tó bá wọ sùtánà onídọ̀tí wá sílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ní ikọ́ ife. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, nínú fúláàtì mi ní Barking nílùú òyìnbó níbí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa fi ọkọ̀ gbé páálí ọjà kiri ilé onílé. Ó ń húkọ́, a ní òtútù ni. Ó ń rù, a ní wàhálà iṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá itọ́ rẹ̀ jáde ni mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ èmi náà wò, mi ò ní nǹkan kan. Òun ni wọ́n fún ní oògùn tí á máa lò fún oṣù mẹ́fà, láràárọ̀, kó tó fi nǹkan kan ẹnu. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ là á yé wa. Ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò ní lè ran ẹnikẹ́ni mọ́, ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́, ó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n tó bá ń dá oògùn dúró láàárín, àìsàn náà á le ju oògùn lọ, ó sì lè pa á. Ó tún ní ká má bẹ̀rù tá a bá rí i pé ìtọ̀ rẹ̀ àti òógùn ara rẹ̀ pọ́n, oògùn yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́ ni. Èmi ni mò ń fọ sùtánà àwa méjèèjì. Abíyá tirẹ̀ rí bí ìgbà tí èèyàn ta epo sí i. Màá fi ọṣẹ gbo ó, màá rẹ ẹ́ mọ́jú, màá máa ṣépè fún àìsàn. Àbúrò mi ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá gbọ́, kò sẹ́ni tó máa jókòó tì mí mọ́." Mo ṣèlérí fún un. A ní òtútù àyà ni.

Àwọn ará ìjọ wa láàánú, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n gbé ọbẹ̀ wá, wọ́n gbé ìrẹsì wá, ẹnì kan tiẹ̀ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ìjọ wa, àgbàlagbà obìnrin ará Ìjẹ̀bú tí kì í fi ọ̀rọ̀ àdúrà ṣeré, kéde ààwẹ̀ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta nítorí rẹ̀. Àìjẹ, àìmu, títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ìjọ ló bá wa gbà á.

Nígbà tí ààwẹ̀ yẹn dé ìdajì, mo yọ sùtánà rẹ̀ nínú máṣíìnì. Ó mọ́ tónítóní. Mo yí abíyá rẹ̀ síta, ó funfun báláú. Mo kọ́kọ́ ń yin ọṣẹ. Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sọ sí mi lọ́kàn, pé tí oògùn bá wà lára rẹ̀, abíyá yẹn ì bá pọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣíìnì.

Mo pè é. "Ṣé o ń lo oògùn ẹ?"

Kò wò mí lójú. "Àǹtí, gbogbo ìjọ ń febi pa ara wọn nítorí mi. Ṣé èmi á wá máa fi omi gbé oògùn mì láàárọ̀?"

"Tó o bá ṣínu tán nírọ̀lẹ́ ńkọ́?"

"Àárọ̀ ni nọ́ọ̀sì wí, kí n tó jẹun. Tí ààwẹ̀ bá parí, màá bẹ̀rẹ̀ padà."

Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Mo fi fóònù pe nọ́ọ̀sì, ó bá a sọ̀rọ̀, òun náà ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bí ọmọ gidi. Ó gbé fóònù sílẹ̀ tán, ó ní kí ni òyìnbó mọ̀ nípa ààwẹ̀. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n fọ́ ọ létí, ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n.

Ìbànújẹ́ yẹn ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe, mo máa ń lọ tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn. Ìyá Júù kan wà ní àdúgbò Eastbury tí mo máa ń wẹ̀ láàárọ̀. Ó ti dàgbà gan-an, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ jí ju tèmi lọ. Màámà ni mò ń pè é. Ó rí i pé mò ń fi ìbínú po tíì bíi pé tíì ló ṣẹ̀ mí, ó ní kí n jókòó, kí ló dé? Mo ní ẹnì kan nínú ẹbí mi ní ikọ́ ife, ààwẹ̀ ò sì jẹ́ kó lo oògùn.

Ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀. "Ohun tó pa bàbá mi nìyẹn."

Ó ní aránṣọ ni bàbá òun, kóòtù ló ń rán, ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá, kò sì gbọ́ èdè ibí dáadáa. Ọmọdé lòun nígbà tí ikọ́ ife mú un. Kò tíì sí oògùn rẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n máa ń kó àwọn oníkọ́ lọ sí ilé ìtọ́jú kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì wọn síta kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn, wọ́n á sì máa fún wọn lóúnjẹ dáadáa. Bàbá rẹ̀ ò lè jẹ ẹran ibẹ̀ torí wọn ò pa á bí òfin àwọn Júù ṣe wí. Ni àwọn Júù tó ti dé ìlú ṣáájú wọn, tí nǹkan ti ń rọ̀ díẹ̀ fún, bá dá ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀. Wọ́n ń fi ẹran tó bófin mu ránṣẹ́ sí i, àti ẹyin, àti aṣọ òtútù. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà a máa wá sílé wá wò ó bóyá bàtà àwọn ọmọ ti lu.

Mo ní, "Bí ìjọ wa gẹ́lẹ́."

"Dúró ná," ni Màámà wí. "Ọjọ́ Ètùtù dé, ọjọ́ ààwẹ̀ wa tó tóbi jù. Bàbá mi gbààwẹ̀. Dókítà bẹ̀ ẹ́ kó jẹun, ó ní dókítà kì í ṣe Júù, kí ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ òfin wa gan-an ló ní kí aláìsàn jẹun tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Obìnrin ẹgbẹ́ yẹn mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Oníkálukú rò pé ẹlòmíì ti sọ fún un. Ọbẹ̀ adìẹ wọn dé lọ́jọ́ kejì, kò lè dìde jókòó mu ún mọ́. Kò lókun mọ́ láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú."

Ó wò mí. "Ta ló kéde ààwẹ̀ tiyín?"

Mi ò lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Mo wọ báàsì lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tá a yá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe. Ẹ̀rù bà mí. Àbúrò mi lè máà dárí jì mí, wọ́n sì lè máa sá fún un bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn kó wà láàyè kó máa bínú sí mi. Mo bá Ìyá Ìjọ níbi tó ti ń to àbẹ́là, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n gbé àbẹ́là ọwọ́ wọn kalẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí ò ṣeun," ni wọ́n wí. "Ẹ fẹ́ kí n fi ààwẹ̀ mi pa ọmọ ọlọ́mọ."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dé sílé wa nínú sùtánà, láìwọ bàtà, nínú òtútù yẹn. Àwọn ará àdúgbò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Àbúrò mi rí wọn, ó wò mí, ó mọ̀ pé mo ti sọ.

"Ta ló kéde ààwẹ̀ yìí?" ni Ìyá Ìjọ bi í.

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Èmi tí mo kéde ẹ̀ ni mo yọ ẹ́ kúrò nínú ẹ̀. Màá gba tìẹ mọ́ tèmi. Gbé oògùn ẹ wá."

Wọ́n tẹ́ oògùn náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbàdúrà sí i bí wọ́n ṣe máa ń gbàdúrà sí omi. Wọ́n dúró tì í títí ó fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó tì í lórí àga, èjìká kan èjìká, wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ rẹ̀ wá. Wọn ò sún sẹ́yìn. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń jẹun lọ.

Ọsibítù tún un yẹ̀ wò, wọ́n fi àkókò kún oògùn rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì bá a wí dáadáa. Àbúrò mi bá mi yodì fún ìgbà díẹ̀, mo gbà fún un. Nígbà tó yá abíyá sùtánà rẹ̀ tún pọ́n, mi ò sì fi ọṣẹ gbo ó tagbára tagbára mọ́.

Nígbà tí mo padà dé Eastbury, Màámà ò dúró kí n kí i tán. "Ṣé ó lò ó?"

"Ó lò ó, Màámà. Ó sì jẹun."

"Ta ló sọ fún un?"

"Ẹni tó kéde ààwẹ̀ náà."

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ pé ó jẹun. Ó di ọwọ́ mi mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń pe bàbá rẹ̀ ní èdè tiwọn.