Ọ̀nà Bọ́ọ̀lù Tí Wọ́n Fún Àwa Obìnrin

Inú ṣì ń bí mi. Ó ti pẹ́, irun mi ti funfun, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń sọ pé eré lásán ni bọ́ọ̀lù yíyí, ara mi á gbóná. Eré lásán ni fún ẹni tí wọn kò rẹ́ jẹ nídìí rẹ̀.

Tíṣà ni mí ní Banjul, ní Gambia, nígbà náà, nígbà tí ìlú náà ṣì ń jẹ́ Bathurst. Èmi àti ọkọ mi ti Ìjẹ̀bú lọ, a gba yàrá sí Campama, níbi tí omi òjò ti máa ń wọlé tọ èèyàn lọ́dọọdún láì kan ilẹ̀kùn. Ní Portuguese Town, lẹ́yìn ilé àtijọ́ kan, ẹgbẹ́ kan wà tó ní gbọ̀ngàn gígùn fún eré bọ́ọ̀lù yíyí. Òyìnbó kan ló kọ́ ọ, ó sì fi í sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílé. Eré náà kò ṣòro ṣàlàyé. Wọ́n á to igi mẹ́wàá tó dà bí ìgò sí òpin ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wàá ti ìka bọ ihò ara bọ́ọ̀lù tó wúwo, wàá sì yí i kó lọ wó wọn. Gọ́tà wà lápá ọ̀tún, ó wà lápá òsì; bí bọ́ọ̀lù bá já sínú rẹ̀, òfo ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo igi wọ̀nyẹn bí wọ́n ti ń wó, mo mọ̀ pé mo ti rí ohun tí màá máa fi Sátidé mi ṣe.

Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Ti ọ̀tún jẹ́ pátákó tó jọ̀lọ̀, tí wọ́n ń fi òróró pa kó lè máa dán. Ti òsì náà ti jẹ́ pátákó rí, ṣùgbọ́n òjò wọlé bá a, ó wú, ó sì rí gbágungbàgun. Dípò kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n kan kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà lé e lórí, irú èyí tí a ń tẹ́ sí pálọ̀. Ọ̀nà rọ́bà yìí ni wọ́n fún àwa obìnrin. Wọ́n ní gìgísẹ̀ bàtà wa yóò ba pátákó jẹ́. A ní a ó bọ́ bàtà. Wọ́n ní kò yẹ kí abilékọ máa rìn láìwọ bàtà láàrin àwọn ọkùnrin. Ẹ jọ̀ọ́, kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ọ̀rọ̀ báyìí?

Ọ̀nà méjèèjì kò sì jọra rárá. Lórí òróró, bọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ yọ̀ lọ tààrà bí ọṣẹ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wẹ̀. Bó o tilẹ̀ fi ọwọ́ lọ́ ọ, kò ní gbọ́, àfi tó bá dé ibi tí òróró ti tán, nítòsí igi. Ibẹ̀ ló ti máa ṣẹ́rí wọlé pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, igi á sì fò káàkiri. Lórí rọ́bà, kíá ni ilẹ̀ á ti gbá a mú. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó ti máa yà sápá òsì, nígbà tó bá sì fi máa dé ìdí igi, ó ti rẹ̀ ẹ́. Igi iwájú á ṣubú, àwọn ti igun á dúró, wọ́n á máa wò ẹ́. Mo fi ọ̀pọ̀ Sátidé kọ́ bí a ṣe ń tan rọ́bà yẹn. Mo máa ń ju bọ́ọ̀lù sí etí gọ́tà ọ̀tún, bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ nù, màá sì jẹ́ kí rọ́bà fúnra rẹ̀ dá a padà sáàárín. Mo di ọ̀gá nídìí rẹ̀, mi ò sì ní tìtorí ìwà ìrẹ̀lẹ̀ sẹ́ ẹ.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde ń bọ̀, ẹgbẹ́ kan ní Dakar pè wá fún ìdíje. Wọ́n ti mú àwọn tó máa lọ, ó ku ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sì ní ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù nínú àwa tó kù ni yóò gba àyè náà. Mo fẹ́ àyè yẹn. Mo fẹ́ ẹ débi pé mò ń lá àlá ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa sọdá odò sí Barra, níbi tí ọ̀nà Dakar ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kù sáàárín èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gbá kan, akọ̀wé báǹkì, ọmọlúàbí tí ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, tó sì ń pè mí ní Àǹtí Tíṣà. Máàkì tiẹ̀ fi díẹ̀ ga ju tèmi lọ. Orí òróró ló ti rí tiẹ̀, orí rọ́bà ni mo ti rí tèmi, wọ́n sì kọ méjèèjì sára ògiri kan náà bí ẹni pé ibì kan náà la ti ṣe wọ́n.

Mo lọ bá alága. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ọmọ Aku, àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, láti ìdílé àtijọ́ ìlú náà, oníwà pẹ̀lẹ́ tí kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé ohun tí òróró ń ṣe àti ohun tí rọ́bà ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Léènì na léènì, mi pikin,” ó fèsì ní èdè Aku wọn.

Ìyẹn ni pé ọ̀nà kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Òun náà ní eré lásán ni, kí n fi wọ́n sílẹ̀. Mo bá òun náà jà.

Mo padà lọ, mi ò jẹ́ kí Bàbá sinmi. Mo ní kí èmi àti ọmọ Ẹ̀gbá jọ ju bọ́ọ̀lù lórí ọ̀nà méjèèjì, kí wọ́n ro máàkì wa pọ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe gbà á. Lọ́jọ́ náà, ó dìde síwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó ní nítorí pé àlejò ni mí ní ìlú wọn, tí mo sì jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ wọn, àwọn yóò bu ọlá fún mi, èmi ni màá kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù lórí pátákó. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé òróró, ó dà á, ó nù ún, ó tún da òmíràn sí i, kó lè dán dáadáa fún mi. Wọ́n sọ ẹ̀tọ́ mi di oore, wọ́n sì ń retí kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Mo dúpẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ju bọ́ọ̀lù bí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n, sí etí gọ́tà ọ̀tún. Kò padà. Ó yọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ó já sínú gọ́tà. Mo gbìyànjú láti yí ọwọ́ padà, igi díẹ̀ ṣubú, ọ̀pọ̀ dúró. Àwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín, kì í tiẹ̀ ṣe ẹ̀rín ìkà, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín fún ọmọ tó wọ bàtà bàbá rẹ̀ ni. Èyí ló tún dùn mí jù.

Ó wá kan ọmọ Ẹ̀gbá lórí rọ́bà. Ó fi gbogbo ara lọ́ bọ́ọ̀lù bó ti máa ń ṣe. Rọ́bà gbá a mú, ó yà bàrà, ó já sínú gọ́tà òsì. Ó tún jù ú, gọ́tà òsì. Ẹ̀rín dákẹ́. Ó fẹ́ ju òmíràn, Bàbá bá dá a dúró. Ó ní ọ̀nà yẹn kò dáa, pé kò sẹ́ni tó lè fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ bí ọkùnrin ti mọ̀ ọ́n jù tó.

“Bàbá,” mo sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́, “ilẹ̀ yẹn náà lẹ ti fi ń mọ bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n jù láti ọjọ́ tí mo ti dé.”

Ẹnì kan ní àtáyà ti hó, kí wọ́n wá mu tíì. Wọ́n ṣù lọ sídìí àdògán, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ òjò. Kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti fagi lé ìdíje ọjọ́ náà, wọ́n sì padà sórí máàkì ara ògiri. Ọmọ Ẹ̀gbá ló gba àyè náà.

Ó lọ, ó dé. Ó wá kí mi ní Campama, ó mú ìgò lọ́fínńdà kan wá fún mi láti Dakar. Ó jókòó, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. Ó ní pátákó àwọn ará ibẹ̀ ti gbó, ó gbẹ táútáú, wọn kì í kán òróró sí i. Ó ní gbogbo bọ́ọ̀lù òun ló ń yà sí gọ́tà òsì, òun ló ṣe ìkẹyìn.

“Ó rí bí ọ̀nà tiyín gẹ́lẹ́, Àǹtí Tíṣà,” ó wí. “Gbogbo bí mo ṣe ń jù ú, ẹ̀yin ni mò ń rántí.”

Mo bi í bóyá ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún alága. Ó wolẹ̀. Mo gbé lọ́fínńdà rẹ̀ padà lé e lọ́wọ́. Mo ní rírántí kọ́ ló yẹ kó máa rántí mi ní Dakar, rírí ló yẹ kó rí mi níbẹ̀.