Télọ̀ Tó Fi Téèpù Wọn Tẹlifíṣọ̀n

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé télọ̀ tí wọ́n ń pè ní Jẹ́-n-Wọ̀n-ọ́n, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó gbé téèpù lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ọlọ́jà ní tẹlifíṣọ̀n tí Bàbá télọ̀ yìí fẹ́ rà, HD tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara, ínṣì méjìlélọ́gbọ̀n ni. Bàbá yọ téèpù lọ́rùn, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, ó fà á dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n," ó ní. "Ínṣì mẹ́rin mi dà?"

"Bàbá, láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ òdìkejì ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n."

"Ẹ̀yin ará, ẹ wá gbọ́!" Bàbá kọjú sí àwọn tó ń kọjá lójú títì. "Ta ló ń wọn ṣòkòtò láti ìbàdí ọ̀tún dé ọrùn ẹsẹ̀ òsì? Bí mo bá rán irú ẹ̀ fún ẹ, ṣé wàá lè rìn?"

Ó ní kí wọ́n yọ owó ínṣì mẹ́rin kúrò. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, ọlọ́jà gan-an di tábìlì mú kó má baà ṣubú.

Ìyàwó Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i pé ọkọ òun ò wo nọ́ńbà ara téèpù rárá, ìka ló fi kà á. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ìka yẹn ti ń bá téèpù rìn, kò nílò ojú mọ́. Ojú náà kò sì ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Ó ti tó ọdún kan tí Bàbá ti ń ráhùn. "Tẹlifíṣọ̀n ilé yìí ti gbó. Àwọn èèyàn inú ẹ̀ ò lójú mọ́." Bẹ́ẹ̀ ìyàwó ń rí wọn kedere. Bó bá sì ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí dókítà bá wa wo ojú yín," ariwo ni.

"Ojú ta ni? Ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́!"

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló rán ẹ̀wù kan fún tíṣà, apá ọ̀tún ẹ̀wù náà sì gùn ju tòsì lọ. Tíṣà gbé e padà wá. Bàbá fọwọ́ pa apá ẹ̀wù méjèèjì, ó mi orí. "Tíṣà, ọwọ́ yín ni kò dọ́gba. Èmi ò lè torí ìyẹn rán irọ́."

Nígbà tó lọ jẹun, ìyàwó tú apá ẹ̀wù náà, ó tún un rán. Ó mọ aṣọ rán, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n gé. Àwọn oníbàárà ti ń dín kù. Ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi, nítorí ó mọ ọkọ rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bá gba síṣọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní pẹ́ láyé. Owó tí wọ́n sì tọ́jú kò lè ṣe ju nǹkan kan ṣoṣo lọ. Tẹlifíṣọ̀n ni Bàbá fẹ́ fi rà.

Nígbà kẹta tí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣọ̀n, Bàbá gbé àga láti ilé.

"Bàbá, àga wà níbí o," ni ọlọ́jà wí.

"Àga tìẹ ò mọ ìdí mi."

Ó jókòó síbi tó jìnnà tó bó ṣe máa ń jìnnà nílé. Ọlọ́jà tan èyí tó dáa jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu ya ìyàwó, èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú obìnrin tó ń ka ìròyìn. Bàbá na ọrùn. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó tún fà á, títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó pòṣé.

"Èyí náà ti bàjẹ́. Bíi tilé mi gẹ́lẹ́ ni."

Ọlọ́jà la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyàwó, ó pa ẹnu náà dé. Bàbá retí ẹ̀rín títí, ó wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá wọn, ṣé ìwọ ń rí ojú obìnrin yẹn?"

"Mo ń rí i. Yẹtí aláwọ̀ ewé ló fi sétí."

"Ti inú tilé wa ńkọ́?"

"Mo ń rí wọn náà."

Bàbá ń ká téèpù mọ́wọ́, ó ń tú u, ó tún ń ká a. "Mo ti mọ̀ tipẹ́," ó ní. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Télọ̀ tí ò ríran, kí ni wọ́n ń pè é?"

Ìyàwó gbé apá kan àga, ọlọ́jà gbé apá kejì. "Ẹ gbé owó yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, Bàbá," ni ọlọ́jà wí. "Tẹlifíṣọ̀n ò ní sá lọ."

Dókítà ní awọ kan ló bo ẹyin ojú méjèèjì, pé ó ṣeé yọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí dúnàádúrà níbẹ̀ náà. "Bí mo ṣe kó méjèèjì wá yìí, ẹ dín owó rẹ̀ kù."

"Bàbá, ojú kì í ṣe aṣọ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rán méjì lọ́dọ̀ mi, mo máa ń dín in fún un."

Nọ́ọ̀sì sá jáde lọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n dín in kù o, àmọ́ owó náà tán síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú bándéèjì ìkẹyìn, ìyàwó tan tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ nílé. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan. "Àṣé nǹkan kan ò tiẹ̀ ṣe é." Ó wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Irun ẹ ti funfun."

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ṣé mo ti wá darúgbó lójú yín báyìí?"

"Rárá o. Jókòó síbi tí iná wà."

Ó ń wò ó títí ìròyìn fi parí. Ojú ti ìyàwó, ó fọwọ́ bojú. Bàbá rọra mú ọwọ́ náà kúrò.

Ọdún mẹ́sàn-án ló tún fi ránṣọ lẹ́yìn ìyẹn, kó tó lọ, apá ẹ̀wù sì ń dọ́gba. Lálaalẹ́ ló ń yí àga sí ẹ̀gbẹ́, kó lè máa rí tẹlifíṣọ̀n díẹ̀, kó sì máa rí ìyàwó rẹ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn tó kú ni àwọn ọmọ ra HD ńlá fún ìyá wọn. Bí àlejò bá dé, wọ́n á tún sọ ìtàn téèpù, ìyá náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín tómi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í bóyá tẹlifíṣọ̀n náà dáa, ó ní ó dáa gan-an, pé ojú gbogbo èèyàn ló hàn kedere nínú ẹ̀. Ó ní ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń wo ojú tòun mọ́.