Kámẹ́rà Màmá Òkè

Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ ló máa ń kí mi káàbọ̀ sí apátímẹ́ǹtì tí mo kọ́kọ́ gbé ní Balch Springs, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ẹnu ọ̀nà mi kọjú sí yàrá tí gbogbo wa ti ń fọṣọ. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, ariwo ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ nìkan ni mo máa ń gbọ́. Ìwọ náà mọ bí ọdún àkọ́kọ́ ní Dallas yìí ṣe máa ń rí: o lè máà gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Àìkú tí o bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá àgbàlagbà kan ń gbé lókè mi. Ọmọ rẹ̀ ló mú un wá láti Ìsẹ́yìn kó lè bá wọn tọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ti ń lọ sí sùkúù, òyìnbó ni wọ́n sì fi ń dá a lóhùn. Ọmọ rẹ̀, tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó dúró nílé, fún un ní kámẹ́rà kékeré kan tí òun ti pa tì látìgbà tó ti ń fi fóònù ya fọ́tò. Ni màmá bá ń ya ohun gbogbo: ọ̀kẹ́rẹ́ orí igi, bàtà àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, ojú ọ̀run tó lọ salalu. Ní ọ̀sán Sátidé, yóò sọ̀ kalẹ̀ wá kí n bá òun kó àwọn fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà mi, kí n fi wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nílé.

Bí a bá ṣe tán, yóò na ọwọ́ sí wáyà tó so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà.

“Ṣé kí n fà á yọ?”

“Ẹ má tíì fà á o, Màmá. Fọ́tò lè bàjẹ́.”

Màá wá tún un ṣàlàyé: ẹ tẹ àmì kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ẹ dúró kó sọ pé kò séwu mọ́, ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ tó rọra yọ wáyà. “Háà, mo tún ti gbàgbé!” ni yóò wí. Yóò rẹ́rìn-ín, ìtàn Ìsẹ́yìn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Tíì tí mo pò fún un á ti tutù pátápátá kó tó dìde.

Ní Sátidé kan, ó rẹ̀ mí débi pé bí fọ́tò ṣe ń wọlé lọ́wọ́ ni oorun gbé mi lọ lórí àga. Nígbà tí mo jí, fọ́tò ti wọlé tán, kọ̀ǹpútà kò ráhùn rárá, kámẹ́rà ti wà ní pípa. Màmá ti ká wáyà jọ sórí tábìlì. Ó jókòó, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé.

“Màmá, ta ló yọ ọ́?”

“Èmi ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ wá ń bi mí ní gbogbo Sátidé?”

Kò wo ojú mi. “Bí mo bá ní mo ti mọ̀ ọ́n, kí ni n óò tún máa wá ṣe níbí?”

Èmi tí mo rò pé mò ń ran àgbà lọ́wọ́, láti àárọ̀ Sátidé ni mo ti máa ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo dìde, mo gbé omi tíì kaná.

“Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má wulẹ̀ gbé kámẹ́rà wá. Ẹ ṣáà máa bọ̀.”

Ó gbé e wá ṣá.

Màmá ti padà sí Ìsẹ́yìn báyìí. Èmi náà ti kó lọ sí Little Elm, ìlú mìíràn lẹ́bàá Dallas, níbi tí n kò ti mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń béèrè ni kò mọ̀. Ní ọsibítù, bí aláìsàn bá tẹ aago pè mí pé kí n wá tún ìrọ̀rí tí kò wọ́ ṣe, n kì í bínú mọ́. Màá tún un ṣe, màá fa àga, màá sì jókòó tì í díẹ̀.