Ìgbà Tí Oògùn Eku Gba Àyè Àdúrà

Bí ẹ bá dé ilé iṣẹ́ Rédíò Gbóhùnmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ béèrè Ṣàngódùnní, wọ́n lè má tètè mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ ní Ẹnjiníà lẹ ń wá, kíá ni wọn yóò nawọ́ sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ ó bá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀ tó wọ súwẹ́tà nínú oṣù tí gbogbo ayé ń làágùn. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọmọ onílé Ṣàngó, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Ó ti fi ọdún díẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ físíìsì, kí ó tó rí i pé ẹ̀rọ a máa gbọ́ràn ju ọmọ ọlọ́mọ lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó fi ń yangàn ni pé láti ọjọ́ tí òun ti tan àwọn sáfà ilé iṣẹ́ náà, kò sí èyí tó kú rí.

Sáfà méjì ló wà nínú yàrá náà, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í sùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bátìrì tirẹ̀. Ọ̀kan ń gbé ohùn jáde fún Ògbómọ̀ṣọ́, èkejì ń gbé e jáde fún ìlú Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n inú àpótí irin kan náà làwọn méjèèjì ti ń bu ohun tí wọ́n ń gbé jáde, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló so wọ́n pọ̀. Dísíìkì mẹ́ta ló wà nínú àpótí ọ̀hún: ọ̀kan fún ètò bí àdúrà àti ìròyìn, ọ̀kan fún ìpolówó, ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún orin. Nọ́mbà ni wọ́n fi ń pe gbogbo ohun tó wà nínú wọn. Bí àsìkò àdúrà àárọ̀ bá tó, sáfà á lọ mú ẹyọ keje nínú dísíìkì ètò. Ẹyọ keje wà nínú dísíìkì ìpolówó náà, àmọ́ tìyẹn kì í ṣe àdúrà.

Òjò kan rọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí ilẹ̀ tó mọ́. Àrá sán bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí. Iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Bátìrì tó yẹ kó gbé sáfà Ògbómọ̀ṣọ́ dúró ti gbó, kò sì sẹ́ni tó fura. Sáfà náà kú. Nígbà tí iná padà dé, ó tan ara rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìmísí ló wà lórí afẹ́fẹ́ láàárọ̀ náà, atọ́kùn kan tí ohùn rẹ̀ dùn ju ìwà rẹ̀ lọ. Ó ní kí àwọn olùgbọ́ di ojú wọn, kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè, pé Wòlíì Emmanuel fẹ́ súre fún olúkúlùkù ilé. Ó tẹ bọ́tìnì. Ohùn obìnrin ló jáde:

"Gbogbo wọn ló máa kú! Bàbá wọn, ìyá wọn, ọmọ wọn, kò ní ṣẹ́ ku ẹyọ kan nínú ilé. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lálẹ́, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá wọn!"

Ìpolówó oògùn eku ni, ti Àbíkẹ́ tó ń tajà ní Sábó. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ti ṣe àmín kí wọ́n tó lajú. Èyí tó tún wá burú ni pé nígbà tí àsìkò ìpolówó tó, tí Ìmísí ní kí ẹni tí eku ń yọ lẹ́nu tẹ́tí sílẹ̀, Wòlíì Emmanuel ló bọ́ sórí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: "Ẹ ó jẹ, ẹ ó yó, yóò bá yín lára mu. Ẹ ó bí sí i, ẹ ó rẹ̀ sí i, ẹ ó kún ilé."

Kí Ṣàngódùnní tó dé, fóònù ilé iṣẹ́ kò sinmi mọ́. Ó kí àwọn èèyàn, wọ́n dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó rí i pé ńṣe ni wọ́n ń yà fún un lọ́nà. Màmá Rúùtù, máníjà wọn, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré, fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹnjiníà, o mọ̀ pé èmi kì í dá sí ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn. Ṣùgbọ́n o gbọ́ àrá òwúrọ̀ yìí. Bí ohun kan bá wà tí wọ́n fẹ́ ká ṣe nílé yín, jọ̀wọ́, kí wọ́n wí."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo wáyà ná."

Ó wo wáyà, wáyà pé. Ó fura sí Ìmísí pé bóyá oorun ló mú un tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, Ìmísí sì fi ìyá rẹ̀ búra. Ó ṣí ibi tí ètò máa ń wà, ìpolówó ló kún bẹ̀. Ó ṣí ibi ìpolówó, ó bá wòlíì níbẹ̀. Kò sí ohun tó sọnù, ibùgbé ni wọ́n kàn pààrọ̀. Ta wá ló kó wọn? Ibi tó ti ń rò ó lọ rò ó bọ̀ ni bàbá rẹ̀ ti pè é láti Ọ̀yọ́.

Ṣàngówùnmí ni bàbá náà ń jẹ́, àgbẹ̀ ni, aṣáájú sì ni láàárín àwọn tó ń bọ Ṣàngó ní àdúgbò wọn. Ó ní Màmá Rúùtù ti pe òun pé kí òun bá wọn tu Òrìṣà lójú, òun sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ṣàngó tí mo mọ̀, bó bá bínú sí ilé, ilé ló ń jó. Kì í pààrọ̀ ìpolówó," ni bàbá wí. "Àdúrà wo lẹ tiẹ̀ ń wá? Mo gbọ́ ọ níbí láàárọ̀ yìí. Wòlíì yín gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó tiẹ̀ wúkọ́ láàárín."

Ìròyìn tó ń tẹ̀ lé àdúrà ni bàbá ń dúró gbọ́ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ikọ́ wòlíì yìí ló la Ṣàngódùnní lójú. Bí Ọ̀yọ́ bá gbọ́ àdúrà, a jẹ́ pé àpótí kò ní ẹ̀bi, nítorí inú rẹ̀ kan náà ni sáfà méjèèjì ti ń bu nǹkan. Sáfà Ògbómọ̀ṣọ́ tó kú tó sì jí nìkan ló ṣìnà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i. Bí sáfà bá jí, ńṣe ló ń ké sí àwọn dísíìkì, bí wọ́n bá sì ṣe tẹ̀ léra dáhùn ló ṣe ń sọ wọ́n lórúkọ: ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, dísíìkì ètò ló yára dáhùn. Láàárọ̀ yìí, ti ìpolówó ló yára jù, sáfà sì lọ bá "ẹni kìíní" gba àdúrà bí wọ́n ti pa á láṣẹ.

Màmá Rúùtù ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun.

"Mà, bí dókítà kan kò bá mọ orúkọ aláìsàn, tó jẹ́ pé ẹni kìíní, ẹni kejì ló ń pè wọ́n, tí wọ́n wá jáde lọ jẹun, tí wọ́n sì padà jókòó bó ṣe wù wọ́n ńkọ́?"

Màmá Rúùtù rò ó wò. "Á fa eyín aboyún."

"Ohun tó ṣe wá nìyẹn."

Ṣàngódùnní pààrọ̀ orúkọ wọn, ó ní kí sáfà máa lọ bá ẹni kejì gba ètò. Àdúrà padà sí àyè rẹ̀, Màmá Rúùtù sì dá orin ọpẹ́. Orin náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ dáadáa tí ọ̀sán fi pọ́n, tí iná sì tún lọ. Sáfà kú, ó jí, ó tún ké sí àwọn dísíìkì. Lórí afẹ́fẹ́, Ìmísí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohùn ìbànújẹ́ kéde ikú baálé arúgbó kan, ó ní kí àwọn olùgbọ́ fara balẹ̀ gbọ́ orin arò. Ìpolówó fóòmù ló jáde: "Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ lé e lórí, kò ní fẹ́ dìde mọ́!"

Ìmísí jáde ní yàrá ohùn, ó ní òun ń lọ sílé.

Ìgbà náà ni Ṣàngódùnní gbà pé apẹ̀rẹ̀ lòun fi ń pọn omi. Bí ó ti wù kí òun pààrọ̀ orúkọ tó, wọ́n á tún jókòó bó ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n dísíìkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà gbọọrọ kan tí ẹni tó ṣe é fún un, tí kò jọ ti ẹlòmíràn, tí kì í sì í yí padà, ì báà dáhùn síwájú tàbí sẹ́yìn. Ó pa "ẹni kìíní" àti "ẹni kejì" rẹ́ pátápátá, ó fi àwọn nọ́mbà náà rọ́pò wọn. Ó wá mọ̀ọ́mọ̀ pa sáfà, ó tàn án, ó tún pa á. Màmá Rúùtù ní òun kò lè wò ó, ó lọ dúró síta pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà. Gbogbo ìgbà tí sáfà bá jí, ohun gbogbo ń bọ́ sí àyè rẹ̀.

Ó wá ku ti Ọ̀yọ́. Àrùn tó ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ wà lára òun náà, àfi pé kò tíì kú rí ni kò jẹ́ kó hàn. Ṣàngódùnní kọ àwọn nọ́mbà sínú rẹ̀, ó gbé ìka sórí bọ́tìnì, ó mú un kúrò. Ó mu omi. Ó nu ẹ̀yìn sáfà tí kò dọ̀tí. Nígbà tó yá, ó di ojú, ó tẹ̀ ẹ́. Sáfà dákẹ́ títí obìnrin náà fi la ojú kan wò ó. Lẹ́yìn náà ni iná wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ó ṣí ibi ètò, ó tẹ ẹyọ keje. Wòlíì gbàdúrà, ó sì wúkọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wòlíì fúnra rẹ̀ wá nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Kò bínú púpọ̀. Ẹjọ́ tó wá rò ni pé láti àná làwọn èèyàn ti ń wá béèrè oògùn eku ní ṣọ́ọ̀ṣì òun. Ibi tí Màmá Rúùtù ti ń bẹ̀ ẹ́ ni Àbíkẹ́ ti wọlé láti Sábó. Wọ́n rò pé ìjà ló bá wá, wọ́n ti ń sún àga sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ló tán pátá: wọ́n ní oògùn tí wòlíì súre sí ni. Ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má tún un ṣe. Màmá Rúùtù ní èèwọ̀ ni. Wòlíì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbàdúrà sí i ná.

Ṣàngódùnní ra bátìrì tuntun. Ní Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ kí bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rédíò náà ni wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀. Bàbá kan tó jókòó tì í ń ṣàlàyé fún gbogbo ọkọ̀ pé ọmọ Ṣàngó kan ni wọ́n ránṣẹ́ sí, ọkùnrin gìrìwò, tó fi ẹnu tu iná sára ẹ̀rọ náà títí ẹ̀rọ fi bẹ̀bẹ̀. Ó ní ojú òun báyìí ló ṣe é. Ó yíjú sí Ṣàngódùnní, ó bi í bóyá òun náà ti gbọ́.

Ṣàngódùnní ní òun gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Owódé ní ìlú Ọ̀yọ́, ó ní kí awakọ̀ já òun sílẹ̀.