Nọ́ọ̀sì Tí Kò Sí ní Wọ́ọ̀dù Mọ́

Ọjọ́ tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ti kúrò ní wọ́ọ̀dù, pé àwọn abúlé Odẹ́dà ni màá ti máa ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí, igbe ló fi bọnu. "Mo gbé! Kí lo ṣe tí wọ́n fi lé ẹ?" Mo ní wọn ò lé mi, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú jù. Aláṣọ àdìrẹ ni ní Ìtòkú, gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló sì ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ń bá dókítà ṣiṣẹ́ abẹ. Ṣé ó wá fẹ́ sọ fún wọn pé orí ọ̀kadà ni mo wà, tí mò ń kan ilẹ̀kùn kiri?

"Irú nọ́ọ̀sì wo nìyẹn?" Ẹ̀rín pa mí.

Ní wọ́ọ̀dù, ẹni tó bá ti ṣubú ni wọ́n ń gbé wá bá wa. Ní Odẹ́dà, èmi ni mò ń lọ bá wọn kí wọ́n tó ṣubú. Bí wọ́n bá ní àwọn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn dáadáa, n kì í jiyàn. Màá ní kí wọ́n gbé e wá ká jọ wò ó. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáànì dé, ojú mi rí nǹkan. Àwọn kan ti pa oògùn tì pátápátá. Bàbá kan ń kó ti àárọ̀ mọ́ ti alẹ́, ó ń gbé e mì pọ̀ nígbà ìṣínu!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yà sí ìsọ̀ ìyá mi. Ó fẹ̀yìn ti ìdì aṣọ, ó di orí mú, ó ní ààwẹ̀ lásán ni. Mo ṣe bíi pé n ò mọ̀ ọ́n rí.

"Alhájà, ẹ kú ààwẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká jọ wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

Ó wolẹ̀, ó fa ọ̀rá oògùn yọ. Kò tíì já ẹyọ kan. Mo so ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn lápá. Ohun tí mo rí bà mí lẹ́rù gan-an.

"Màmá, ẹ ṣínu báyìí, ká máa lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Lọ́sàn-án gangan? Astagfirullahi!"

"Ọlọ́run tó ní ká gbààwẹ̀ ló yọ̀ǹda aláìsàn. Bára bá yá, ẹ ó san án. Màmá, mi ò ní ìyá méjì."

Ó sunkún, ó mu omi. Dókítà dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ṣètò oògùn rẹ̀ sí ìgbà sààrì àti ìgbà ìṣínu. Lọ́jọ́ tó padà sí ìsọ̀, kò tíì jókòó tán tó fi nawọ́ sí aláṣọ òdìkejì.

"Nọ́ọ̀sì, gbé báàgì ẹ. Ìyá yẹn náà ò lo tiẹ̀ o."